Àmì Tí Mo Fi Sí Fọ́ọ̀mù Omi

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́ Omi,
                                        Lẹ́yìn Ọgbà Páìpù.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ẹ sì kú àmójútó ilé. Ṣé ara ọkọ yín ti mókun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ìyá wa sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ yín kékeré ti ń rìn, pé kò sí àwo tó ṣẹ́kù láìfọ́ nílé yín mọ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ fún ìyá wa ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ rántí pé nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí, mo fi gbogbo ẹnu sọ pé omi kì í ṣe àánú tí à ń ṣe fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi gba ẹ̀tọ́ ọ̀hún lọ́wọ́ òpópónà kan.

Ọjọ́ kan ṣoṣo la fi ń yẹ ẹ̀rọ omi tuntun wò níbi iṣẹ́ wa. Bí omi bá yọ lọ́jọ́ náà, ẹni tí wọ́n rán lọ yóò fi àmì sí iwájú gbólóhùn kan nínú fọ́ọ̀mù: ‘Wọ́n ti ní omi.’ Èmi ni wọ́n rán lọ sí òpópónà náà. Aránṣọ kan wà níbẹ̀, opó tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Òun ló sọ mí ní Agbẹjọ́rò Omi, ó ní ẹnu mi ń ṣàn ju gbogbo ẹ̀rọ wa lọ. Lọ́jọ́ náà, omi yọ, ó mọ́ gaara. Ìyá Abẹ́rẹ́ bu ife kan, ó ní kí n kọ́kọ́ mu. Mo mu ún, mo sì fi àmì sí fọ́ọ̀mù.

N kò gun àkàbà lọ wo táǹkì tí omi ẹ̀rọ náà ti ń wá. Ká ní mo gùn ún ni, ǹ bá rí i pé kò sí páìpù tó ń gbé omi wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ ni agbaṣẹ́ṣe fi gbé omi wá dà sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kẹta, omi tán. Ọkọ̀ agbomi ilé iṣẹ́ wa tó máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò sì wá mọ́, torí pé a kì í gbé omi lọ fún ẹni tó ti ní in.

Ọmọ Ìyá Abẹ́rẹ́ obìnrin wà nínú oyún oṣù méje. Odò ẹ̀yìn ibi ìfọ́kúta ló ti ń pọnmi. Ó yọ̀ ṣubú pẹ̀lú kẹ̀ẹ̀gì lórí, oyún náà sì wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé n kò jẹ̀bi.

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí a pa àmì náà rẹ́. Ó ní fọ́ọ̀mù tó ti lọ ti lọ, ó di ọdún méjì kí a tó tún yẹ ibẹ̀ wò. Ó wò mí, ó ní, “Táǹkì wà níbẹ̀ àbí kò sí níbẹ̀?”

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Abẹ́rẹ́. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

“Agbẹjọ́rò, ṣé o ò rí àkàbà ni?”

Kò pè mí lórúkọ yẹn mọ́ láti ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kẹ̀ẹ̀gì méjì lọ láti ẹ̀rọ ọ́fíìsì wa, níbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ mọ́tò. Kẹ̀ẹ̀gì méjì fún ojúlé mọ́kànlélógún. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló ń fi ife pín in. Lánàá, ó pín in tán, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó bù ú, ó nawọ́ ife náà sí mi.

Ó ní, “Kọ́kọ́ mu.”

N kò lè gbà á.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Nígbà tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ láti wẹ̀ fún ọmọ, ẹ tètè ti ẹ̀rọ náà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ rán níwèé,
                                        Àbíkẹ́yìn.