Ibi Tí Wọ́n Bí Ìyá-Àgbà Wa Isie

Èmi, Elspet Mair, tí gbogbo Portarroch, ìlú apẹja wa ní etíkun Skọ́tlándì, mọ̀ sí Elspet Bobbin, nítorí pé ìdajì ìlú ló ń jẹ́ Mair tí a sì ní láti fi ìnagijẹ ya ara wa sọ́tọ̀, ọmọ Alexander tó bá òkun lọ, tí n kò lọ́kọ, tí n kò sì bímọ, ni mo ń sọ ìfẹ́ ọkàn mi jáde níhìn-ín. Orí mi pé. Dókítà wá wò mí lọ́jọ́ Ajé, ó bi mí pé ta ni olórí ìjọba. Mo dá a lóhùn, mo sì fi kún un pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró mi ló ti bàjẹ́, ọpọlọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

1. Mo yan Ọ̀gbẹ́ni Rennie, lọ́yà, ní alámòójútó ogún mi. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ju orin méjì lọ níbi ìsìnkú mi. Atẹ́gùn òkun kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni ní itẹ́ òkú wa, Williamina, aládùúgbò mi, sì ní làkúrègbé.

2. Adìyẹ mi àti ilé wọn, mo fún Williamina kan náà. Láràárọ̀ ló máa ń yọjú wò ó bóyá èéfín ń jáde lórí òrùlé mi. Á ké láti ẹnu ọgbà pé, "Elspet, ṣé o ò tíì kú?" Èmi náà á ní, "Ó kù díẹ̀, lọ máa ṣiṣẹ́ ẹ." Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo bá ènìyàn sọ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó yẹ kí ó gba adìyẹ.

3. Ọkọ̀ kékeré tó dojú dé lẹ́yìn ilé ti jẹrà. Kí wọ́n fi dáná.

4. Ọ̀bẹ tí Ìyá-àgbà wa Isie fi ń yọ ìfun ẹja, pẹ̀lú àkísà tí ó máa ń wé mọ́ ìka kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́ lára, mo fún Jean, àbúrò mi kan ṣoṣo, tí ń bẹ ní Aberdeen.

Jean, Ìyá-àgbà yìí ló tọ́ wa nígbà tí òkun gbé bàbá wa, tí ìbànújẹ́ sì gbé ìyá wa tẹ̀lé e. Kò jẹ́ kí èmi tàbí ìwọ fọwọ́ kan ọ̀bẹ náà rí. Ó ní ọwọ́ tòun ti tó fún gbogbo ìdílé. Ó rán wa nílé ẹ̀kọ́, èmi di tíṣà, ìwọ di nọ́ọ̀sì, kò sì sí èyí tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe ẹja ṣáwá nínú wa. Rántí èyí, nítorí òun ni ìdí tí àwa méjèèjì fi gọ̀.

5. Lórí òkúta ibojì Ìyá-àgbà Isie.

Ọ̀gbẹ́ni Rennie, ẹ ní kí n ṣàlàyé, ẹ tẹ́tí. Ní ìlú wa, òkúta gbọ́dọ̀ sọ orúkọ òkú, ìnagijẹ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti bí i. Ti Ìyá-àgbà kò sọ ibì kankan. Bí a bá bi í léèrè nígbà ayé rẹ̀, á ní, "Ṣé ibi tí wọ́n bí mi lẹ fẹ́ jẹ ni? Ẹ jẹ ọ̀dùnkún yín." Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìbí Portarroch. A wá a ní gbogbo ìlú etíkun tó yí wa ká, kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kì í fi irú nǹkan báyìí ṣeré. Bí wọn kò bá bí ọ síbí, o lè lo ọgọ́rin ọdún láàárín wọn, àjèjì ni wọn yóò máa pè ọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tí ìjọba ṣí ìwé ìkànìyàn àtijọ́ sílẹ̀ fún aráyé, èmi àti Jean wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Edinburgh. A rí Ìyá-àgbà nínú rẹ̀, ọmọdé, lábẹ́ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí i sí, àwọn akọ̀wé tó ń ṣírò iye ènìyàn ti fa ìlà dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, tàdáwà sì ti kán sí i. Kò ṣeé kà.

Jean wò ó, ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbà, ńṣe ni wọ́n rí Ìyá-àgbà he." Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n rí he. Portarroch ni wọ́n kọ síbẹ̀." A jà títí a fi délé. Kò pé oṣù kan, mo lọ síbi ibojì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bá a tí Jean ti ní kí wọ́n fín in sára òkúta, lójú gbogbo ìjọ, pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n bí i. Mo po sìmẹ́ǹtì, mo fi dí i. Mo tún máa dí i lónìí bí mo bá rí i. Láti ìgbà náà ni Jean kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Mo mú ẹ̀dà ojú ìwé náà wálé, mo ń wò ó lálẹ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Orí àwọn lẹ́tà ọ̀rọ̀ tí tàdáwà bò ni mo tẹjú mọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, wọn kò sì ṣeé kà. Ìgbà òtútù tó kọjá ni mo kàn fi abẹ́rẹ́ ìhunṣọ wọn gígùn ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Áà! Gbogbo ará ilé yòókù, àgbègbè àti ìlú ni wọ́n kọ fún wọn, ó gùn dé etí ìwé. Ti Ìyá-àgbà ṣókí, ọ̀rọ̀ kan péré. Mo lọ bi akọ̀wé ilé ìkàwé, ó ní òfin ìkànìyàn ni: ẹni tí wọ́n bí sí Skọ́tlándì, kí wọ́n kọ àgbègbè àti ìlú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ mìíràn, orúkọ ilẹ̀ náà nìkan ti tó.

Mo jókòó sórí àga, ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì gbà mí. Oṣù kọkànlá ni a máa ń ṣe ọjọ́ ìbí Ìyá-àgbà. Níbo ni àwọn obìnrin Portarroch máa ń wà lóṣù kọkànlá láyé ọjọ́un? Ẹja ṣáwá ń lọ sí gúúsù, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé e, àwọn obìnrin tó ń yọ ìfun rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi iyọ̀ sí i ń tẹ̀ lé ọkọ̀, títí dé Yarmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú á dá páropáro, àwọn arúgbó àti adìyẹ nìkan ló ń kù. Obìnrin èyíkéyìí tó bá ti di ọ̀bẹ mú rí ì bá ti sọ ọ́ fún wa lójú ẹsẹ̀. Àwa tíṣà, àwa nọ́ọ̀sì, a ń wá ọmọ ní ìlú tí ìyá rẹ̀ kò sí.

Mo kọ̀wé sí Yarmouth. Wọ́n fi ìwé ìbí rẹ̀ ránṣẹ́: bàbá rẹ̀ James Mair, apẹja, ìyá rẹ̀ Annie. Ọmọ wọn ni, Jean. Ẹnikẹ́ni kò rí i he. Kì í sì í ṣe Portarroch, bí mo ti ń fi ẹnu mi gbígbòòrò jà. Obìnrin kan kúrò nídìí àgbá iyọ̀, ó bímọ ní ilé àlejò, ó sì dì í mọ́yà wálé pẹ̀lú ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Ìtìjú kí ni Ìyá-àgbà ń fi pamọ́?

Mo kọ gbogbo èyí sí Jean. Lẹ́tà náà padà wá ní dídì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí i lára pé kí wọ́n dá a padà. Nítorí náà mo fi í sínú ìwé ìhágún, èyí tí kò ṣeé dá padà. Kí wọ́n gé sìmẹ́ǹtì mi kúrò, kí wọ́n fín Yarmouth síbẹ̀.

6. Ilé mi àti ohun tó kù nínú rẹ̀, mo fún Jean. Yàrá rẹ wà bí o ti fi í sílẹ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀. Ta ni ì bá tilẹ̀ wá sùn?

7. Lórí ẹlẹ́rìí. Ọ̀gbẹ́ni Rennie ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí ìwé yìí. Ó ní nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú mi lè ṣe é, Williamina lè ṣe é. Mo kọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, mo nílò ẹlẹ́rìí, Jean ni mo sì fẹ́. Kí Ọ̀gbẹ́ni Rennie gbé e lọ bá a, kí ó kà á sí i létí, kí ó sì sọ fún un pé bí kò bá wá, n kò ní fọwọ́ sí i. Kò ní pàdánù ohunkóhun: bí mo bá kú láìfọwọ́ sí i, òfin á kó gbogbo rẹ̀ fún un náà ni. Kì í ṣe nítorí ogún ni mo ṣe ní kó wá. Mo fẹ́ rí i ni. Ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi. Jean, wá, ìbáà ṣe pé o fẹ́ wá bú mi.

Portarroch, oṣù kejì, ọdún 2006.

Ìfọwọ́sí: .....................

Ẹlẹ́rìí: Jean Mair Geddes, àbúrò rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé. Ọjọ́rú ló kú. Ọ̀gbẹ́ni Rennie ní òfin ò gbà kí n jẹ́rìí sí ohun tí mi ò rí. Mo ní kó gbé bírò wá. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé.