Ọkọ̀ Tí Kò Bá Ọkọ Mi Sọ̀rọ̀ Mọ́

                                                            Ilé Kejìdínlógún,
                                                            Òpópónà Ilé-Ìfọṣọ.
                                                            Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá,
                                                            oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yẹn tó ní òun ò ní jẹ ẹ̀wà láéláé? Ẹ kú iṣẹ́ ọsibítù o, ẹ kú àìsùn àwọn aláìsàn. Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí ìwé mi, wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù pè ọ́. Mo gbé fóònù títí, ohùn mi ò jáde. Ara mi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ló ń já mi láyà, ìwọ náà sì mọ iṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń wọlé padà, ọmọ ọlọ́mọ á sì tún kún ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojo lo máa ń pè mí, o ní bí ewé bá já lórí igi, èmi á ti sá wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kà á tán ná, kó o tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé o rántí pé láti ìgbà tí a ti fẹ́ra ni bàbá yìí ti ń lálàá ọkọ̀ eré, irú èyí tó jẹ́ ìjókòó méjì péré, tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó wọnú rẹ̀? Mo máa ń bi í pé ṣé bọ́ọ̀sì ló tóbi jù fún un ni. Lọ́dún yìí ó ní àwọn ọmọ ti tó bọ́ ara wọn, òun á ra àlòkù kan kí eegun òun tó gan jù láti bẹ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀. Mo ní kó rà á, kí ọkàn wa sinmi.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ àlòkù. Gbé-e-lọ ni gbogbo wa ń pè é, torí kò sí ọkọ̀ tí èèyàn fọwọ́ kàn lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ pé, gbé e lọ. Ọkọ̀ eré méjì ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ìran wọn ló yàtọ̀. Pupa ni ti àtijọ́, ó ti lé lógún ọdún. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ òsì tẹ̀, ọwọ́ lèèyàn fi ń yí jíà rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tó máa gba èèyàn sílẹ̀ bí táyà bá yọ̀. Aláwọ̀ eérú ni ti tuntun. Ìyẹn ò ní kílọ́ọ̀ṣì rárá, bíréèkì àti tọ́tù tí wọ́n fi ń sáré nìkan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà. Ó ní ohun kan bí tẹlifíṣọ̀n níwájú, ó ní àpò afẹ́fẹ́ káàkiri ara rẹ̀ nítorí ìjàǹbá, bí èèyàn bá sì fẹ́ ya kọ́nà ní ìyakuyà, ọkọ̀ á kọ́kọ́ fún un nímọ̀ràn.

Ọkọ mi kò fẹ́ rí ti tuntun yẹn sójú. Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ ló ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní inú àtẹ́lẹsẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́ ọ, kílọ́ọ̀ṣì á sọ fún ọ ìgbà tó fẹ́ gbá ẹ́ńjìnnì mú, bíréèkì á sọ fún ọ kí táyà tó yọ̀. Ó ní ti tuntun dà bí ẹni jókòó sí pálọ̀ tó ń wo eré ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ lásán ló fi ń dán ọkọ̀ wò. Á bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á ká ìbọ̀sẹ̀ sínú àpò, bí ẹni tó fẹ́ wọ ibi ìjọsìn. Bó ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn nígbà tó ń kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà.

Ó wa ọkọ̀ pupa náà jáde, ìgbà tó dé, ojú rẹ̀ ti le. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì ti kú, kò sọ nǹkan kan fóun. Gbé-e-lọ ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì rẹ̀, ìyẹn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú kílọ́ọ̀ṣì, ó fi tuntun sí i. Ọkọ mi tún wà á. Ó ní òkú ṣì ni. Ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Mẹkáníìkì búra, ó wa ọkọ̀ náà lójú gbogbo wa, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ni ọkọ mi bá ní ọkọ̀ àtijọ́ ti gbó jù, òun á mú ti tuntun. Ẹnu yà mí. Ọkùnrin tó ti ń bú ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì láti ọdúnmọ́dún, òun náà ló wá ń yìn ín pé ẹsẹ̀ á máa rí ìsinmi. Gbé-e-lọ ní, gbé e lọ. Èmi rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ti dé.

Ibi tí wọ́n ti ń yẹ táyà ti tuntun wò lọ́wọ́ ni èmi ti ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ti pupa. Mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn. Mo kàn fẹ́ mọ bí òkú kílọ́ọ̀ṣì ṣe ń rí. Mo bọ́ bàtà mi, mo ṣíná sí i, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo rọra gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọ̀rẹ́ mi, ó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi! Ibi tó ti gbá ẹ́ńjìnnì mú gan-an, mo mọ̀ ọ́n. Èmi tí mi ò wa ọkọ̀ kọjá ọjà rí, mo gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ. Kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì ló kú. Mo pa ọkọ̀, mo jókòó síbẹ̀. Ọkọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí ni mo rí sí i. Mo ní mi ò mọ̀.

Nílé, ó jókòó ó ń bọ́ bàtà, nọ́ọ̀tì kan sì bọ́ sílẹ̀ láti inú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nọ́ọ̀tì irin, Ẹlẹ́rìn-ín, tó tó orí àtàǹpàkò mi. Ó ní láti jẹ́ pé ìgbà tí mẹkáníìkì ń tú ọkọ̀ ló ta sínú bàtà tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti wọ bàtà lé e, ó fẹsẹ̀ rìn délé, ó tún lọ ra búrẹ́dì. Ìbọ̀sẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ó gbé nọ́ọ̀tì náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Gbé-e-lọ ti fún òun ní ènì. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún ni, ó ní bàtà náà ló le, ó ní òtútù ló mú ẹsẹ̀, ó ní iṣẹ́ ni. Àwíjàre mẹ́ta lójú kan.

O ò lè gbàgbé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìwọ lo bá wa dúró nígbà tí àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni tiẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ní ó dà bíi pé òun dúró lórí òwú, a ní àárẹ̀ ni, ìgbà tí a ó fi mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀tì yẹn ti bọ́ sílẹ̀ ni mo ti ń wo bí ọkọ mi ṣe ń gun àkàsọ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e. Nílé ìfọṣọ, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ẹ̀wù oníbàárà, torí ojú mi ò sí níbi iṣẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni láti sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin tó ń fi wíwakọ̀ yangàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i?

Láàárọ̀ yìí a lọ gba ọkọ̀ tuntun náà. Ó wọlé, mo jókòó tì í, a ò tíì ṣíná sí i. Mo ní kó dijú. Ó ní ṣé mo fẹ́ fẹnu ko òun lẹ́nu níwájú Gbé-e-lọ ni. Mo ní kó ṣáà dijú. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn dáadáa, kó wá gbé e lé bíréèkì. Ó gbé e. Mo wo ìsàlẹ̀.

Mo ní, “Ibo lẹsẹ̀ yín wà?”

Ó ní, “Orí bíréèkì. Ibo ni ìbá tún wà?”

“Ẹ lajú, kẹ́ ẹ wò ó.”

Orí tọ́tù ló wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó wò ó, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó tún dijú, ó tún dán an wò fúnra rẹ̀, ó tún lajú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò rí ẹ̀rù lójú ọkọ mi rí. Mo rò pé yóò bínú sí mi ni, tàbí kó ní ọkọ̀ yìí náà ti bàjẹ́. Kò dárúkọ ọkọ̀ kankan. Ó di sítíárìn mú bí ẹni pé eré ló ń sá, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

Ó ní, “Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi kó àwọn ọmọ yẹn títí wọ́n fi gba ìsinmi.”

A jókòó síbẹ̀ títí Gbé-e-lọ fi wá kan fèrèsé pé ṣé kí òun wá ìwé ọkọ̀ jáde. Mo ní kó ṣe sùúrù fún wa.

Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, wò wá bí o bá lè gbàyè lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bí o ò bá lè wá, sọ dókítà tí kí n mú un lọ bá fún mi, kó o sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi bóyá ẹsẹ̀ yìí ṣì ṣeé gbà là. Má fi dídùn bò ó. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ìyá wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ, sọ fún wọn pé kí wọ́n fi wá sádùúrà, ṣùgbọ́n má sọ ìdí rẹ̀.

Ọkọ mi ti ní òun á lọ bá ọ̀gá iléèwé lọ́la, kí wọ́n wá awakọ̀ mìíràn kó tó di ọjọ́ Ajé. Ó ní òun fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́. Ó ní kí n sin òun lọ. Èmi ni màá wakọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíì tó lè kọ irú èyí sí,

Ìyàwó Bàbá Bọ́ọ̀sì