Tíṣà Òkun, Tí Wọ́n Rán Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ Sórí Omi

Ní ọdún 1951 ni wọ́n bí màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Tíṣà Òkun, sí abúlé kan létí òkun. Ọmọ apẹja ni wọ́n, ọmọ-ọmọ agbẹ́kọ̀. Ìyá tó bí wọn ló ń hun àwọ̀n tí bàbá wọn fi ń pẹja.

Ní 1962, bàbá wọn wọ omi láàárọ̀. Ọkọ̀ nìkan ló padà. Láti ọjọ́ náà ni jìnnìjìnnì òkun ti wọ màmá lára. Síbẹ̀, ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n náà ni wọ́n ń bi àwọn olùkọ́ wọn léèrè ṣáá: kí ló ń mú omi kún, kí ló ń fà á padà, kí ló wà nísàlẹ̀? Ní 1972, wọ́n di olùkọ́.

Ní 1974, bàbá wa, káfíńtà, wá tún àga kíláàsì wọn ṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, oṣù méjì ni bàbá fi ṣe é. Ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe àga nìkan ni wọ́n ń bá wá? Wọ́n fẹ́ra wọn, ìgbéyàwó náà sì so èso ọmọ mẹ́ta.

Ọdún mọ́kàndínlógójì ni màmá fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ òkun. Wọn a gbé bàsíà omi iyọ̀ sórí tábìlì, wọn a ní, “Ẹ má pe omi ní ibojì. Ibi iṣẹ́ ni.” Wọn a wá ka iṣẹ́ náà sílẹ̀: atukọ̀, ẹnjiníà inú ọkọ̀, òmùwẹ̀, onímọ̀ ẹja, ẹni tó ń ya àwòrán ilẹ̀ abẹ́ omi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó ọmọ lọ sétí òkun, okùn gígùn kan ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dì mú, màmá a sì máa ka orí wọn títí wọn yóò fi padà sójú títì.

Ní 1998, ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní kí màmá kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yẹ. Wọ́n kọ mọ́kànlá. Àbíkẹ́yìn wa, tó gba ipò kìíní, kò rí tirẹ̀. Màmá ní fọ́ọ̀mù ìjẹ́rìí ti tán. Irọ́ ni. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Bàbá wa, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, kàn ní, “Hẹn-ẹn. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kọ ìkejìlá, wọ́n sì fúnra wọn mú lẹ́tà náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ọmọ náà wọlé.

Ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ aṣọ lórí okùn báyìí, wọ́n ti ń pe ọmọ. Síbẹ̀, wọn kò sọ fún un rí pé kó padà wálé. Ní 1999, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, àwọn àti àwọn ọmọ ọdún méje jọ kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni! Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì ní 2011, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn apẹja lúwẹ̀ẹ́. Nínú ìjọ, àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbà: fún àwọn tó wà lórí omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni màmá dágbére. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn ni, “Ṣé wọ́n ti gúnlẹ̀?”

Wọ́n fi bàbá wa sáyé lọ, àkọ́bí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, ọmọ-ọmọ méje, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ òkun nínú ọkọ̀ ìwádìí. Bí a ti ń tẹ ìwé yìí, ìjì ti ká ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ agbami, a kò sì gbúròó rẹ̀ láti ìjẹta. A kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí yóò da iyẹ̀pẹ̀ sí ibojì màmá.

Màmá, àníyàn ọ̀hún ti bọ́ lọ́rùn yín. Ó ti kan àwa láti máa wọ̀nà. Ẹ sùn re o.