Ẹ̀yìn Bàbá Yín Tí Wọ́n Fẹ́ Ya

Ọmọ mi,

Owó òróró ìpara tí o fi ránṣẹ́, mo ti ra òróró, ìyókù wọ ọkọ̀ ọsibítù, ọ̀rọ̀ owó yẹn ti parí láàárín wa. Ó yá, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn ọ́ bó ṣe ń dun bàbá yín.

Tí wọ́n bá rìn dé ojúde alágbẹ̀dẹ báyìí, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú tipiri, àfi kí wọ́n tẹ ẹ̀yìn síwájú kó tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti bárò òfìfo kiri, kí wọ́n lè rí nǹkan fara tì. Ìyá oníbúrẹ́dì rò pé alábàárù ni wọ́n dà, ló bá gbé àpò ìyẹ̀fun sínú bárò pé kí wọ́n bá òun gbé e délé. Odidi káfíńtà! Wọ́n gbé e. Èmi ni mo lọ gbowó rẹ̀.

Dókítà ní ọ̀nà tí iṣan ń gbà kọjá nínú eegun ìbàdí ló há, tí a bá sì fi falẹ̀, ẹsẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́. Ihò bíńtín bíi ti bọ́tìnì lòun máa lu, òun á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí bọ̀ ọ́, òun á fá eegun tó dí ọ̀nà. Mo ní kí ló wá dé tí ihò kéré tí owó tóbi, télọ̀ kì í gba owó kóòtù lórí ihò bọ́tìnì. Ó rẹ́rìn-ín, kò dín nǹkan kan.

Ibi tó ti dàrú ni pé ó ní àwọn máa tún ya ẹ̀yìn bàbá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ló ní lọ́kàn. Bàbá yín gbọ́ ya bí ẹni ya àkísà, wọ́n ti bárò wọn, ó di ilé. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe aṣọ.

Mo wá ní fọ́tò lásán ni. Yéè, wọ́n ti gẹrun, wọ́n ń fi ẹ̀rín dánra wò níwájú dígí! N ò láyà láti sọ pé ẹ̀yìn ni kámẹ́rà ń gbà wọlé.

Mo ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó gbé ìdajì owó tí dókítà pè. Fi ìdajì yòókù ránṣẹ́, kí o sì kọ ọ̀rọ̀ sí wọn, tìrẹ nìkan ni wọ́n máa ń gbọ́.

Ọ̀nà tìrẹ kò ní há láéláé. Ọjọ́rú ni wọ́n máa ya bàbá yín, èwo nínú yíya méjèèjì ni, ìwọ ni kí o sọ fún wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń retí èsì.

Ìyá rẹ