Ìkòkò Méjì Lórí Itan Mi

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Ọ̀wàrà

Ènìyàn méje ni mo máa mú gun òkè Kóyà lọ́la. Ọ̀nà àtijọ́ ni a máa gbà, ti òpó òkúta ọgọ́sàn-án. Wákàtí mẹ́jọ, bí orúnkún ẹnikẹ́ni kò bá takú.

Méjì kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn ń gbé eegun bọ̀. Kì í ṣe tuntun. Eegun ọ̀fun ni, èyí tí ará ilé ń yọ sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá sun òkú, torí ó jọ ẹni tó jókòó tó ń gbàdúrà. Ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé e wá fún àwọn àlùfáà òkè wa. Àwọn díẹ̀ ní àfi káwọn fẹsẹ̀ gbé e. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ wọn a máa fà nílẹ̀ jù.

Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Ọ̀wàrà

Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kí n kọ ọ́ kó tó fò mí lórí.

A gbéra ní aago méje ààbọ̀. Àwọn márùn-ún kò ní ìyọnu: tọkọtaya kan, obìnrin mẹ́ta láti ọ́fíìsì kan náà. Àwọn méjì tó gbé eegun ni mo ń ṣọ́.

Àkọ́kọ́ — Ìyáàfin Kuramochi Fusae, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, láti Osaka. Màmá Ọsàn ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi, torí a ò tíì kọjá òpó kìíní tó ti ń pín ọsàn kiri. Ó ní ká tètè jẹ ẹ́ o, òun ò lè gbé ọsàn gun òkè, ọkọ òun nìkan ti tó ẹrù. Ọkọ rẹ̀ ló wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì — Ọ̀gbẹ́ni Tokuhisa, láti Sakai, bí ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀. Ọ̀gá Aago. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo òpó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló gbé. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. N kò bi í. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni ń sọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì. Pé kò sẹ́lòmíì tó kù tó lè gbé e. Pé kí òun sáà gbé e dé, kí òun bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n jà. Ó ní, "Ilẹ̀ ni." A rìn títí. Ó tún ní, "Kì í tilẹ̀ ṣe ilẹ̀."

Iye tó kù ni wọ́n kọ sára àwọn òpó náà, kì í ṣe iye tí a ti rìn. Òpó ọgọ́ta ni òjò ti ká wa mọ́. A sá sábẹ́ àtíbàbà tó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń wá aṣọ òjò nínú ẹrù. Eegun kì í fara kan ilẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àlejò bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo jókòó, mo gba ìkòkò kékeré méjèèjì tí eegun wà nínú wọn, mo gbé ọ̀kan sórí itan ọ̀tún, ọ̀kan sórí itan òsì. Aṣọ funfun tí wọ́n fi dì wọ́n ti ń rin. Mo tú u, mo fi ọ̀rá wé ìkòkò kọ̀ọ̀kan, mo tún aṣọ náà dì. Mo dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n. Inú mi dùn sí ara mi. Mo rò ó pé irú èyí ni afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ ń ṣe.

Lẹ́yìn ibẹ̀, Ọ̀gá Aago bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́yìn. Nígbà tí òpó bí ọgbọ̀n kù, mo bojú wẹ̀yìn: ó ti gbé àpò rẹ̀ sáyà, ó tẹ ẹnu mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Mo ní kí àwọn yòókù máa wo igi. Wọ́n wo igi. Igi kédárì lásán ni, nínú òjò.

A dé Ẹnubodè Ńlá lórí òkè ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti lọ. Kò tilẹ̀ wo aago.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Ọ̀wàrà

Mo mú àwọn méjèèjì lọ sí tẹ́ḿpìlì tí wọ́n sùn sí. Wọ́n fa ìkòkò lé àlùfáà lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé. Àlùfáà pe orúkọ, ó kọrin àdúrà, ó lẹ orúkọ mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa da eegun gbogbo oṣù yìí pọ̀ sábẹ́ gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀gá Aago tẹrí ba fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí kò yẹ kó tẹ̀ ẹ́ dé fún afinimọ̀nà. Ojú rẹ̀ wú.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Ọ̀wàrà

Òjò. Kò sí àlejò. Mo fọ bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Ọ̀wàrà

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Màmá Ọsàn. Ó dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ohun kan, mo sì ń kà á láti àárọ̀.

Ó ní ọkọ òun fẹ́ràn ayò *gó*, òun sì ti fi ọmọ ayò dúdú kan sínú ìkòkò kó má baà ṣe é bí ẹni tó wà láìrí nǹkan fọwọ́ ṣe. Ó ní gbogbo ọ̀nà ni òun ń gbọ́ ọ lẹ́yìn òun, kọ́, kọ́, kọ́, bí òun ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Àmọ́ láti ibi tí òjò ti ká wa mọ́, kò dún mọ́. "Mo gbà pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ tún un dì."

Èmi gbọ́ kọ́, kọ́ náà lẹ́yìn òpó ọgọ́ta. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Nínú àpò Ọ̀gá Aago ni.

Mo pààrọ̀ wọn. Lórí itan ara mi.

Nítorí náà, ọkọ Màmá Ọsàn ló wà lórí pẹpẹ lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n Tokuhisa, ẹ̀gbọ́n Tokuhisa sì wà lábẹ́ orúkọ ọkọ Màmá Ọsàn. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá Aago sọ sínú àpò nínú òjò, ọkọ ọlọ́kọ ló sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kù.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù Ọ̀wàrà

Mo lọ sí tẹ́ḿpìlì. Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo padà.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Ọ̀wàrà

Mo sọ fún Onítófù. (Ọkọ mi. Tófù, oúnjẹ rírọ̀ bíi wàrà, ló ń ṣe, òun náà sì rọ̀ bíi tófù.) Ó ń po yànmọ̀tí lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró. Ó ní eegun kì í jà. Pé inú ihò kan náà ni wọ́n ń dà wọ́n sí, ta ló fẹ́ bi wọ́n pé orúkọ wo ni wọ́n fi wọlé? "Ìyá arúgbó ń sùn, ọkùnrin yẹn ń sùn. Ìwọ nìkan lojú rẹ là. Dákun, dijú."

Mo ní kò yé e. Ó ní ó yé òun, ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọ́n á gba ìwé àṣẹ afinimọ̀nà lọ́wọ́ mi.

Òótọ́ kúkú wà níbẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò sì mọ òmíràn.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Ọ̀wàrà

Àlejò méjìlá. Kò sẹ́ni tó gbé eegun. Obìnrin kan ní kí n bá òun di fìlà mú. Mo ní rárá. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Ọ̀wàrà

Mo pe Màmá Ọsàn lórí fóònù lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bébà. N kò kà á dé ìdajì.

Ó ní, "Háà, ọmọ mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí ìpè yín."

Ó ti mọ̀. Láti bí òpó àádọ́ta ló ti mọ̀. Ó ní ọkùnrin tí òun gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ṣé òun ò ní mọ ìgbà tí kò sí lẹ́yìn òun mọ́ ni? Ó fẹ́ pariwo. Ló bá bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin yẹn tó ń dá sọ̀rọ̀ sínú àpò, omijé àti òjò ń ṣàn pọ̀. "Ọkọ mi fẹ́ràn ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ ju oúnjẹ lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń wá jà ní pálọ̀ wa. Mo ní kó bá mi gbọ́ ẹyọ kan sí i." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ irú ẹni tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi."

Kò sọ ibi tí ìdáhùn já sí. N kò bi í.

Mo ní màá lọ bá àlùfáà kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ. Ó ní tí Àgbà Olùkọ́, ẹni tó dá àwọn tẹ́ḿpìlì yín sílẹ̀, bá ti jókòó sórí òkè yín láti ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé tí kò tíì kú, ṣé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ló máa fi mọ èèyàn? Kí n sáà lọ dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó wọn wọlé. Ó ku ohun kan: "Ẹ má sọ fún ọkùnrin yẹn o. Ó ti sọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Ó yá mi lára jù.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Ọ̀wàrà

Mo sun oorun wákàtí mẹ́jọ. Onítófù ní, "O ò rí i?"

Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Ọ̀wàrà

Aago méjì ni wọ́n dá. Mo dé ní aago kan ààbọ̀. Ọ̀gá Aago ti wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù dúdú, ó kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀.

Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní òun ń wá ẹni tí òun máa bi léèrè. Ẹ̀gbọ́n òun máa ń fi èékánná kan tábìlì bí inú bá ń bí i, láti kékeré wọn. Láti òpó ọgọ́ta lọ́jọ́ náà ni òun ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn òun, ó ń kàn án, ó ń kàn án. Ohun tó fà á nìyẹn tí òun fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Àmọ́ mo ti rò ó títí. Eegun kan ṣoṣo kì í dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ tún un dì. Afinimọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà níbẹ̀?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti jinná. Mo wo ojú rẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Mo sọ òótọ́ fún un. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Ìlérí tí mo ṣe fún Màmá Ọsàn bàjẹ́ síbẹ̀.

Kò pariwo. Kò tún wo ojú mi mọ́. Ó wo pẹpẹ, ó wò ó títí, ó wá ní, "Ìyẹn ni pé kò tíì gbọ́."

Ó bi mí pé èwo ni tirẹ̀. Mo nàka sí èyí tí orúkọ Kuramochi wà lára rẹ̀. Àlùfáà wọlé, ó ní àsìkò ti tó. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó pààrọ̀ orúkọ méjèèjì. Ọ̀gá Aago ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀.

Ó gbé ìkòkò náà sórí itan rẹ̀. Kò dún. Lójú ọ̀nà, ẹ̀bẹ̀ nìkan ló bẹ̀. Lónìí, ìjà ló kọ́kọ́ bá a jà. Ó ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ka ìsìnkú ìyá wọn tí ẹ̀gbọ́n kò pè é sí, ohùn rẹ̀ lọ sókè títí ó fi ń dún kárí gbọ̀ngàn. Àlùfáà kò dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀, n kò sì gbọ́ ìyókù.

Ó lé ní wákàtí kan. Nígbà tó dìde, ó fa ìkòkò náà lé àlùfáà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti gbọ́ báyìí. Ẹ máa gbé e lọ."