Ẹ̀fọ́ Tí Mo Já Lórí Ilẹ̀ Òjé

Èmi ni mo já ẹ̀fọ́ náà, kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ wa ní Chicago yìí, ẹ má bínú pé mi ò kọ orúkọ mi sí i… ó ti rẹ̀ mí ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, mi ò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mò ń ṣe. Ibì kan wà, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò sí ibí, tí wọ́n ti wa òjé àti zinc láyé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n wà á tán, wọ́n kó pàǹtírí rẹ̀ jọ síbẹ̀ bí òkè, wọ́n bá tiwọn lọ. Koríko kan ò hù níbẹ̀ mọ́, bí òjò bá sì rọ̀, á gbá májèlé lọ sódò. Ohun tí àwa wá ń ṣe ni pé a ń kó ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá sẹ́ omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú tán, a ń kó eérú èédú àti lime, ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, tí àwọn ilé iṣẹ́ fẹ́ dà nù, a ń pò ó mọ́ ilẹ̀ yẹn. Ẹrẹ̀ á bọ́ ilẹ̀, lime á di májèlé mú kó má rìn. Ìdọ̀tí la fi ń wo ilẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó sì ń jẹ́! Lọ́dún kejì ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èmi ọmọ àgbẹ̀, mo dúró láàárín rẹ̀, omi lé ròrò sójú mi.

Láàárín koríko tí a gbìn ni tẹ̀tẹ̀ ti hù fúnra rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Pigweed làwọn òyìnbó ń pè é, wọ́n ń tu ú dà nù ni.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ní Park Forest ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, màmá rẹ̀ sì ti ilé wá bá wọn wẹ ọmọ. Màmá yìí ò gba oúnjẹ ibí rárá. Spinach inú fìríìjì, ó ní ó dà bí àkísà tí wọ́n rẹ sómi. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè pé nínú gbogbo ìlú ńlá yìí, ṣé kò sẹ́ni tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ ni, kí ni abiyamọ ó fi dá ẹ̀jẹ̀ padà sára? Bí àgbà bá ń ráhùn oúnjẹ létí yín, ṣé ẹ ó di etí ni? Mo já báàgì méjì. Mo mọ̀ pé àkọlé wà lára wáyà tí wọ́n fi sọgbà yí ilẹ̀ náà ká pé kí ẹnikẹ́ni má mú ohunkóhun jẹ níbẹ̀. Mo rò pé nítorí ẹrẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni, pé omi iyọ̀ àti iná á ti pa kòkòrò… Bí mo ṣe tan ara mi nìyẹn, èmi tí mo kàwé ilẹ̀.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, Màmá jó yí tábìlì ká. Ó ní, “Òyìnbó ń tu tẹ̀tẹ̀ dà nù, wọ́n wá ń jẹ ewé tútù bí ewúrẹ́!” A rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣàdúrà fún mi débi pé mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí carpet. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá lọ site, mò ń já tiwọn bọ̀. Gbogbo summer.

Wàyí o, supervisor wa ní ká já gbogbo ohun tó hù níbẹ̀ lọ sí lab. Koríko ò ní nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀… irin kan wà tó ń jẹ́ cadmium, tẹ̀tẹ̀ ń fà á mu látinú ilẹ̀, ó ń kó o pamọ́ sínú ewé. Iná ò pa á, iyọ̀ ò fọ̀ ọ́, inú kíndìnrín ló ń lọ jókòó sí, á sì máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Supervisor wo result, ó ní, “No problem. Who eats pigweed?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní Saturday tó tẹ̀lé e, mo wa mọ́tò lọ láti lọ sọ ọ́. Kí n tó fìdí kalẹ̀, Màmá ti gbé èbà àti ẹ̀fọ́ síwájú mi, ó ní òun fi í pamọ́ dè mí ni. Ìyá ọmọ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń jẹ tirẹ̀, ọmọ wà lẹ́nu ọyàn. Ó yẹ kí n gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á. Mo jẹ tèmi tán, mo lá ọwọ́, mo ní ẹ ṣé o Màmá, mo wa mọ́tò padà sílé. Mo rò pé bí mo bá bá wọn jẹ ẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà á kéré… ṣé ẹ rí òmùgọ̀?

Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí hospital, dókítà á bèèrè ibi tí ẹ̀fọ́ ti wá, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi ńkọ́, ojú wo ló máa fi wò mí? Mo ti parọ́ fún wọn pé wọ́n ti ro ibi tí mo ti ń já a, tẹ̀tẹ̀ ti tán. Màmá ní kò burú, òun ti sá èyí tó pọ̀ lóòrùn, á tó wọn jẹ di ìgbà òtútù.

Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé ọ̀rẹ́ mi ni, ṣé ìyá ọmọ, àbí Màmá tó ń pè mí lọ́mọ? Ẹ̀yin abiyamọ, tó bá jẹ́ ọmọ yín ni, báwo lẹ ṣe máa fẹ́ gbọ́ ọ? Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí mo mọ̀ pé bí mo ṣe ń dúró de èsì yín yìí, ìkòkò ẹ̀fọ́ ṣì ń hó ní Park Forest.