Ìwé Òkè Mẹ́ta Tí Gbénró Gbàgbé Sílé

Ilé Akínladé,
Ìsàlẹ̀-Ọba, Ìgbó-Ọrà.
Ọjọ́ kẹfà oṣù June, 1971.

Gbénró ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé, àfi ẹni tó jẹ iṣu tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀, ìbáà ṣe níbi tó tẹ́jú, ìbáà ṣe níbi tó ń yọ̀ tí o ń fi owó rẹ wá kiri. Àwa náà wà. Òjò ti dé, pákí ti ta gbòǹgbò, Yéwándé ẹ̀gbọ́n rẹ sì ti bí ọkùnrin, ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo àdúgbò ṣì ń béèrè èkejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní nínú ìwé mẹ́ta tí o gbàgbé sórí tábìlì nígbà Àjíǹde, àwọn ìwé tó ń júwe ọ̀nà orí òkè Súwísáláńdì tí ìwọ àti òyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ lọ gùn ní August, kí n fún Japheth onímọ́tò ní aláwọ̀ ewé, nítorí òun ló fúyẹ́ jù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ra ẹran nítorí pé ó fúyẹ́, nítorí náà mo kọ́kọ́ yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò.

Nínú aláwọ̀ búlúù, wọ́n fa ìlà pupa sára òkè láti ìsàlẹ̀ títí dé ṣóńṣó. Mo ní àwọn òyìnbó mà kú iṣẹ́ ọ̀dà o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kun ọ̀nà sára àpáta báyìí, kí ni o tún fi ṣílè márùndínlógójì ra ìwé ṣe, ojú kò ha tó ọ? Wọ́n tún kọ nọ́ńbà sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, láti ení dé ẹẹ́fà. Èmi tí mo ka Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀ mọ̀ pé kíláàsì nìyẹn. Ìwọ ti ka mẹ́fà kọjá, ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mú sáfíkéètì rẹ dání, wọ́n lè béèrè rẹ̀ ní ìdí òkè.

Ibi okùn ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Mo pe Búrẹ́mọ̀ akọpẹ, tó ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti ogún ọdún tí kò já bọ́, mo fi àwòrán inú aláwọ̀ dúdú hàn án: okùn kan, ènìyàn méjì, ọ̀kan á gùn díẹ̀, á dúró di okùn mú kí èkejì bá a, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá kí wọ́n tó dé òkè. Ó wò ó títí, ó ní Màmá Gbénró, ta ni ẹni kejì yìí, ọmọ ta sì ni? Nígbà tí a fẹ́ fi Yéwándé fọ́kọ, oṣù mẹ́ta ni bàbá rẹ fi wádìí, ó dé Ìdèrè, ó dé Ayétẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò fẹ́ fi okùn so wọ́n. Nítorí náà kọ̀wé sí mi: ọmọ ibo ni òyìnbó yìí, kí ló pa bàbá rẹ̀, ṣé òòyì kì í kọ́ wọn nídìílé wọn? Bí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, tú okùn.

Ó wá ku aláwọ̀ ewé. Ojú ìwé kìíní ni mo ti dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ka gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀: ẹni tó kọ ọ́ já bọ́ lórí òkè náà gan-an kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbénró, ṣé ẹni tí kò délé ni yóò júwe ọ̀nà fún ọ? Ẹni tó kọ aláwọ̀ dúdú, bàbá arúgbó ni, àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ajá. Ìyẹn lọ, ó bọ̀. Òun ni mo fún Japheth. Ó wúwo bíi bíríkì, kí òyìnbó rẹ gbé e.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni bàbá rẹ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gorí àkàbà nínú ilé yìí.

Fi pọ́n-ùn méjì ránṣẹ́ fún ìkómọ ọmọ Yéwándé, owó Japheth wà nínú rẹ̀. Bí o bá ṣì ń fẹ́ aláwọ̀ ewé, ó wà nínú àpótí mi, mo ti tì í pa. N kò ní fi rán Japheth, n kò ní fi rán pásítọ̀. Wá mú un fúnra rẹ kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí n rí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì. Ọlọ́run á gbé ọ gòkè, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ti gígòkè, ìwọ náà lè gbàdúrà rẹ̀; ti sísọ̀kalẹ̀ ni èmi dì mú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rosaline Akínladé.